Ọmọ tó pe ẹ̀gbọ́n bàbá rẹ̀ ní kèfèrí: àkọsílẹ̀ ìṣẹ̀lẹ̀ kan láti gúúsù London

Ọjọ́ tí mo kọ́kọ́ wọ ilé ìdáná wọn, ìkòkò mẹ́ta ló wà lórí sítóòfù. Ọ̀kan nínú wọn, kékeré, tó ṣì ń dán, ni ọmọ náà ti fi máákà dúdú kọ "HALAL" sí ọmọrí rẹ̀. Màmá rẹ̀ ń wo ojú mi bí mo ṣe ń kà á. Ó ní, "Àáfà, ẹran kan náà ló wà nínú mẹ́tẹ̀ẹ̀ta." Òótọ́ ló sọ. Láti ìgbà tó ti dé Peckham, ọwọ́ alápatà mùsùlùmí ní Rye Lane ló ti ń ra ẹran ewúrẹ́ rẹ̀, torí pé wọ́n máa ń bá a gé e bó ṣe fẹ́ níbẹ̀. Ẹran hàlálì ni ọmọ tó ya ìkòkò sọ́tọ̀ yìí ti ń jẹ láti kékeré, kò sì mọ̀.

Mo ti yí nǹkan díẹ̀ padà nínú ìtàn yìí kí ẹnikẹ́ni má baà dá ẹbí náà mọ̀. Àwa tó ń ṣiṣẹ́ yìí ni mo ń kọ ọ́ fún: àwọn àáfà, àwọn olùkọ́, àwọn tó ń bá ọ̀dọ́ rìn, àti àwọn ará káńsù tó ń jókòó sí ìgbìmọ̀ Channel, ètò tí ìjọba ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì fi ń ran ẹni tí wọ́n ń bẹ̀rù pé ó lè bọ́ sọ́wọ́ agbawèrèmẹ́sìn lọ́wọ́.

Oṣù kẹwàá ọdún 2015 ni ọ̀rọ̀ náà jáde síta, kí wọ́n tó gbé e fún mi. Ọmọ náà ń lọ sí ọmọ ọdún mẹ́tàdínlógún. Ará Ìbàdàn ni bàbá rẹ̀, ilé mùsùlùmí. Ará Iléṣà ni màmá, ìjọ aláṣọ funfun ló ń lọ. Irú ìgbéyàwó bẹ́ẹ̀ kì í ṣe ìròyìn lọ́dọ̀ wa. Wọ́n ń ṣe Iléyá, wọ́n ń ṣe Kérésìmesì, ọmọ ń jẹ nínú méjèèjì. Nígbà tí ọmọ pé ọdún mẹ́wàá, bàbá ní òun fẹ́ lọ wo ilé tí òun ń kọ́ ní Ìbàdàn. Ilé náà kò tíì parí títí di bí mo ṣe ń kọ ọ̀rọ̀ yìí, bàbá náà kò sì tíì padà. Màmá ń ṣiṣẹ́ alẹ́ ní ilé ìtọ́jú àwọn arúgbó, àwọn ọmọ sì ń dá sùn.

Ní ìbẹ̀rẹ̀ ọdún náà, lọ́jọ́ Sátidé kan, ọmọ yìí bá tábìlì ìwàásù kan pàdé lẹ́bàá ọ̀nà. Irú tábìlì bẹ́ẹ̀ pọ̀ ní London, èyí tó sì pọ̀ jù nínú wọn kò ní aburú kankan. Ọkùnrin tó dúró ti èyí bi í ní orúkọ. Nígbà tó gbọ́ orúkọ bàbá rẹ̀, ó ní mùsùlùmí ni ọmọ náà tẹ́lẹ̀, wọ́n kàn jí i gbé lọ ni. Ọmọ náà sọ fún mi pé bí ẹni rí ẹrù tó sọnù ló rí lára òun. Ọkùnrin yẹn gba nọ́ńbà rẹ̀, ó pè é lọ́jọ́ kejì, ó ra adìyẹ díndín fún un lọ́jọ́ kẹta, ó sì ń béèrè bí ìdánwò rẹ̀ ṣe lọ. Ẹni a bá lábà ni baba.

Mo bi ọmọ náà lẹ́yìn náà pé kí ni wọ́n kọ́ ọ ní oṣù mẹ́fà àkọ́kọ́. Ó kà á lórí ìka: Iraq, Afghanistan, Syria, àwọn ọba Lárúbáwá, ọlọ́pàá, ìdìbò. Mo ní ìrun ńkọ́? Ó ní wọ́n ní kí òun wa áàpù kan sórí fóònù.

Ọ̀rọ̀ òṣèlú ni wọ́n fi ń bọ́ ọ, láwàání ni wọ́n wé mọ́ ọn. Orin tí àwọn ọmọlẹ́yìn Anjem Choudary, oníwàásù agbawèrèmẹ́sìn kan ní London, ti ń kọ láti ọjọ́ pípẹ́ ni. Ìjọba ń fòfin de ẹgbẹ́ wọn, Al-Muhajiroun, wọ́n ń pààrọ̀ orúkọ bí ẹni pààrọ̀ bùbá. Islam4UK ni wọ́n ń jẹ́ nígbà tí òfin tún kàn wọ́n ní oṣù kìíní ọdún 2010. Kí ìdìbò oṣù karùn-ún ọdún 2015 tó dé, pósítà tó ní kí mùsùlùmí má dìbò jáde lára ògiri ní Cardiff. Àlàyé àwọn tó gba èrò yìí rọrùn fún ọmọdé láti há sórí. Ọlọ́run nìkan ló ń ṣòfin. Ẹni tó bá dìbò yan aṣòfin ti wá orogún fún Ọlọ́run. Ẹni tó wá orogún fún Ọlọ́run ti di kèfèrí. Ẹ wo bí àtẹ̀gùn náà ṣe kúrú tó, láti orí ìwé ìdìbò dé ibi tí wọ́n ti lé bàbá àgbàlagbà kúrò nínú ẹ̀sìn.

Ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo ló wà lórí màmá ní tirẹ̀: Woolwich. Ní ọjọ́ 22 oṣù karùn-ún ọdún 2013, Michael Adebolajo àti Michael Adebowale fi mọ́tò kọlu Lee Rigby, sójà ọmọ ọdún 25, wọ́n sì fi ọ̀bẹ pa á lójú títì ní ọ̀sán gangan. Yorùbá tó bá wà ní London lọ́jọ́ náà kò ní gbàgbé bó ṣe rí lára nígbà tí irú orúkọ bẹ́ẹ̀ ń jáde lẹ́nu oníròyìn. Ilé onígbàgbọ́ ni wọ́n ti tọ́ Adebolajo. Lẹ́yìn tó di mùsùlùmí, ó ń bá àwọn Al-Muhajiroun jáde ìwọ́de. Ẹ̀jẹ̀ ṣì wà lọ́wọ́ rẹ̀ nígbà tó ń sọ̀rọ̀ sínú fóònù ẹni tó ń ká a sílẹ̀, ọ̀rọ̀ ogun àti sójà ló sì ń sọ, ó ní kí àwọn èèyàn lé ìjọba wọn kúrò. Bọ́ọ̀sì 177 tí màmá ń wọ̀ lọ ibi iṣẹ́, láti Peckham, Woolwich ló ń gbà kọjá. Ó ní gbogbo alẹ́ tí òun bá ti débẹ̀, òun máa ń di ojú.

Láti ọjọ́ kìíní oṣù keje ọdún 2015 ni òfin ti sọ ọ́ di dandan fún àwọn ilé ẹ̀kọ́ láti ṣọ́ irú nǹkan báyìí lábẹ́ Prevent, ètò tí ìjọba fi ń dènà ìpániláyà. Olùkọ́ kan gbọ́ tí ọmọ náà ń sọ fún ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ pé òfin ilẹ̀ yìí kò de òun. Ilé ẹ̀kọ́ fi ọ̀rọ̀ ránṣẹ́ sókè. Kò sí ẹni tó pe màmá. Ọlọ́pàá méjì tó wọ aṣọ ilé wá kan ilẹ̀kùn ní aago mẹ́rin ìrọ̀lẹ́. Màmá ṣẹ̀ṣẹ̀ jí láti ojú oorun iṣẹ́ alẹ́. Ohun tó kọ́kọ́ wá sí i lọ́kàn ni pé wọ́n ti gún ọmọ òun lọ́bẹ. Nígbà tí wọ́n ní ara ọmọ le, ó dúpẹ́. Nígbà tí wọ́n wá sọ ohun tó gbé wọn wá, ó jókòó sílẹ̀ níbi ilẹ̀kùn, kò lè dìde. Ó tó oṣù mẹ́ta kó tó tún gbé fóònù ilé ẹ̀kọ́ yẹn.

Màmá ló kọ́kọ́ gbìyànjú, lọ́nà tí ìyá ń gbà gbìyànjú. Ó gba fóònù, ó gba páàsípọ́ọ̀tù, ó mú omi àdúrà wálé. Ó tilẹ̀ ń múra láti dá ọmọ padà sọ́dọ̀ bàbá rẹ̀ ní Ìbàdàn. Wọ́n pe bàbá lórí fóònù. Ó jágbe mọ́ ọmọ fún nǹkan bí ìṣẹ́jú mẹ́wàá, ó sì ní kí wọ́n fi owó símẹ́ńtì ránṣẹ́. Ọmọ náà kó lọ sùn sílé ọ̀rẹ́ fún alẹ́ mẹ́rin. Fóònù tuntun ló gbé padà wálé, ọkùnrin orí tábìlì ló sì rà á fún un. Gbogbo ohun tí màmá gbà lọ́wọ́ ọmọ, ọkùnrin náà ló ń dá a padà.

Lẹ́yìn náà ni ọ̀rọ̀ dé ọ̀dọ̀ ìgbìmọ̀. Channel kì í ṣe túláàsì. Ọmọ tí kò bá tíì pé ọdún méjìdínlógún, òbí ló ń fọwọ́ sí i. Màmá fọwọ́ sí i, ọmọ kò yọ̀ sí i. Wọ́n rán àáfà kan sí i, onímọ̀ gidi tó gbọ́ Lárúbáwá jù mí lọ fíìfíì. Ìpàdé mẹ́ta ni wọ́n ṣe. Bí àáfà bá ka áyà kan, ọmọ á fi fídíò kan dá a lóhùn. Bí àáfà bá mú hàdíìsì wá, ọmọ á ní kò fẹsẹ̀ múlẹ̀. Lẹ́yìn ìpàdé kẹta la gbọ́ pé ọmọ náà ti ń ká ohùn wọn sílẹ̀ lábẹ́lẹ̀, tó sì ń gbé e sí àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀ létí. Ó ti di akọni láàárín wọn. Ẹni tó kọ́ iṣẹ́ iyàn jíjà fún oṣù mẹ́jọ, a tún lọ gbé pápá iyàn fún un.

Oṣù kìíní ọdún 2016 ni wọ́n gbé e fún mi. Oṣù kan gbáko, kò sọ ju "bẹ́ẹ̀ ni" àti "bẹ́ẹ̀ kọ́" lọ. Lọ́jọ́ kan mo ní kó ka Súrátúl Ìkhláásì fún mi. Lẹ́tà òyìnbó ló ń wò kà á lórí fóònù, ó sì ń pe "qul" ní "kul". Ẹni tó bá gbọ́ kéú mọ ohun tí mò ń wí: dípò kó ní "sọ", "jẹ" ló ń wí. Mi ò rẹ́rìn-ín. Mo sọ fún un pé lórí ọ̀rọ̀ yẹn gan-an ni àáfà mi ní Ìbàdàn ti na ìka ọwọ́ mi títí ó fi wú. Òun ló kọ́kọ́ rẹ́rìn-ín. Ọjọ́bọ̀ tó tẹ̀ lé e, mo gbé wàláà igi kan dání, a sì bẹ̀rẹ̀ láti àlífù.

Inú mi ì bá dùn láti sọ pé kéú ló yí i padà. Irọ́ ni. Nígbà tí yóò fi di oṣù kẹta, ó ti ń kà á dáadáa, ẹnu rẹ̀ sì tún mú sí i. Mo ti bá a pọ́n ọ̀bẹ.

Ní ọjọ́ 5 oṣù karùn-ún ọdún 2016, wọ́n dìbò yan Sadiq Khan sípò olórí ìlú London, mùsùlùmí àkọ́kọ́ tó dé ibẹ̀. Ọmọ awakọ̀ bọ́ọ̀sì ni. Ẹ̀gbọ́n bàbá ọmọ wa yìí, tí gbogbo ilé ń pè ní Big Daddy, awakọ̀ bọ́ọ̀sì ni òun náà, ó wà á fún ọdún mọ́kànlélógún kó tó fẹ̀yìn tì. Ó ti lọ Mẹ́kà lẹ́ẹ̀mejì. Lọ́jọ́ Sátidé tí èsì jáde, ó gbé ohun mímu ẹlẹ́rìndòdò wá sílé wọn, ó ń rẹ́rìn-ín, ó ní ọmọ onímọ́tò ẹgbẹ́ òun ti dé ipò. Ọmọ náà dìde ní yàrá àlejò. Ó ní Khan kì í ṣe mùsùlùmí, ẹni tó sì dìbò fún un kì í ṣe mùsùlùmí mọ́. Ó wo ojú bàbá àgbàlagbà náà, ó ní, "Ẹ̀yin náà, Big Daddy, kèfèrí ni yín. Mi ò lè kírun lẹ́yìn yín mọ́."

Alhaji gbé kọ́ọ̀bù sílẹ̀. Màmá ní òun rò pé yóò gbá ọmọ létí. Ó kàn ní, "Ó dáa. Tí mo bá kú, ta ló máa kírun sí mi lára?" Ó dé fìlà, ó jáde.

Ọjọ́ kọkànlá lẹ́yìn náà ni ìjà ṣẹlẹ̀ níbi ibùdókọ̀ kan. Ọmọ wa dá egbò sí ọmọ mìíràn lẹ́nu, ọlọ́pàá sì gbé e. Lábẹ́ òfin ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, wọn kì í fọ̀rọ̀ wá ọmọ ọdún mẹ́tàdínlógún lẹ́nu wò láìjẹ́ pé àgbàlagbà kan jókòó tì í. Màmá wà lẹ́nu iṣẹ́ alẹ́, wọ́n sì máa ń ti fóònù àwọn òṣìṣẹ́ mọ́ inú kọ́bọ́ọ̀dù níbẹ̀. Ọmọ náà fún wọn ní nọ́ńbà ọkùnrin orí tábìlì. Ìgbà àkọ́kọ́, kò gbé e. Ìgbà kejì ó gbé e, ó ní ìdánwò láti ọ̀dọ̀ Ọlọ́run ni, kó má bá àwọn kèfèrí sọ̀rọ̀, òun máa ṣe àdúà fún un. Kò wá.

Wọ́n bi ọmọ náà bóyá ó mọ ẹlòmíràn. Fóònù rẹ̀ ti wà lọ́wọ́ wọn. Yàtọ̀ sí ti màmá, nọ́ńbà kan ṣoṣo ló wà lórí rẹ̀ láìwo ibì kankan: ti fóònù ilé Big Daddy. Màmá ló kọ́ òun àti àbúrò rẹ̀ bí orin nígbà tí wọ́n wà ní kékeré, nítorí àwọn alẹ́ tí wọ́n ń dá sùn.

Aago kan kọjá ogún ìṣẹ́jú ni Alhaji wọlé, pẹ̀lú jalábíà, sílípáàsì ilé ìwẹ̀, tẹ̀síbáà lọ́wọ́, àti fílásíkì tíì tí wọn kò jẹ́ kó gbé wọ inú. Ó jókòó tì í. Kò mẹ́nu ba ìdìbò, kò mẹ́nu ba kèfèrí. Ó wo ìka ọmọ náà tó bó. Ó wá ní, "Ṣé o ti kí ìṣáì?" Ọmọ ní òun ò tíì kí i. Alhaji bẹ ọlọ́pàá náà pé kó fi ibi tí gábàsì wà han àwọn, ó bọ́ sílípáàsì, ó sì gbé ìrun dúró. Ọmọ náà ní òun dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ ògiri títí Alhaji fi fẹ́rẹ̀ẹ́ parí ráká àkọ́kọ́. Lẹ́yìn náà ó lọ dúró lẹ́yìn rẹ̀.

Ọ̀rọ̀ ìjà yẹn parí sí ìkìlọ̀. Ní Ọjọ́bọ̀ tó tẹ̀ lé e, ọmọ náà wá bá mi láìgbé wàláà dání. Ó ní, "Ẹ jọ̀ọ́, ìrun tí mo kí lẹ́yìn Big Daddy, ṣé mo gbọ́dọ̀ tún un kí?" Láti ìgbà tí mo ti mọ̀ ọ́n, ìbéèrè àkọ́kọ́ rẹ̀ nìyẹn tí kì í ṣe pańpẹ́.

Ìgbà náà ni mo tó sọ ìtàn àwọn Kháwáríìjì fún un. Lẹ́yìn ogun Siffin ní ọdún 657, Àlí, ọkọ Fátímà ọmọ Ànọ́bì, gbà kí wọ́n yan onílàjà láàárín òun àti Muawiya tó ń bá a jagun. Àwọn kan nínú ọmọ ogun rẹ̀ yarí. Wọ́n ní kò sí ìdájọ́ àfi ti Ọlọ́run, ẹni tó bá fi èèyàn ṣe onídàájọ́ ti di kèfèrí. Àlí dá wọn lóhùn pé ọ̀rọ̀ òtítọ́ ni, irọ́ ni wọ́n fẹ́ fi ṣe. Ní ọdún 661, ọ̀kan nínú wọn fi idà oní májèlé ṣá Àlí nínú mọ́ṣáláṣí Kufa, lásìkò asùbáà, ó sì kú. Ọmọ náà dákẹ́ pẹ́. Ó wá bi mí, "Ṣé wọ́n ń kírun?" Mo ní wọ́n ń kí i débi pé àmì ìforíkanlẹ̀ hàn níwájú orí wọn.

Alẹ́ ọjọ́ yẹn ni mo padà lọ ka àkọsílẹ̀ ìpàdé àáfà àkọ́kọ́. Ní ìpàdé kejì, ó ti sọ ìtàn yìí kan náà fún un, ó tilẹ̀ sọ ọ́ dára jù mí lọ. Ọ̀rọ̀ náà kò yàtọ̀, etí tó gbọ́ ọ ló yàtọ̀.

Ohun tí mo fẹ́ kí ẹ̀yin ẹlẹgbẹ́ mi wò nìyí. Fọ́ọ̀mù wa ní ojú ìwé mẹ́rin lórí ohun tí ọmọ gbà gbọ́. Kò síbi tí a ti bi í pé ta lo lè pè ní aago kan òru. Nínú fáìlì rẹ̀, ìlà kan péré la kọ nípa Alhaji: ẹbí, wọn kì í ríra púpọ̀. Nísinsìnyí, ìyẹn ni mo máa ń kọ́kọ́ béèrè, tí n ó sì fúnra mi lọ kí ẹni náà nílé. Lọ́dọ̀ wa, ẹni náà kì í sábà jẹ́ òbí.

Lórí ẹ̀sìn fúnra rẹ̀, oríṣi èèyàn méjì ló ń dí wa lọ́wọ́. Ọ̀kan ń sọ pé ẹ̀sìn Islam gan-an ni àrùn náà. Pásítọ̀ tó ṣe ìsọ́ òru nítorí ọmọ yìí sọ bẹ́ẹ̀, ọmọ sì gbọ́ ọ láti yàrá kejì. Ọkùnrin orí tábìlì ì bá sanwó fún irú ìwàásù yẹn. Èkejì ń sọ pé kò kan Islam rárá. Bí mo bá wí bẹ́ẹ̀ fún ọmọ tó ti há gbólóhùn náà, pé kò sí ìdájọ́ àfi ti Ọlọ́run, sórí ní Lárúbáwá, òpùrọ́ ni yóò pè mí. Inú ilé wa ni wọ́n ti mú ọ̀rọ̀ náà, àwọn bàbá wa sì ti dá a lóhùn ní ohun tó lé ní ẹgbẹ̀rún ọdún sẹ́yìn. Ìbínú tó ń ti ọmọ ni kò ti inú kéú wá. Ogun Iraq bí i nínú. Ó bí èmi náà nínú, mo sì sọ fún un. Kò gbọ́ rí pé ní ọjọ́ 15 oṣù kejì ọdún 2003, nǹkan bí mílíọ̀nù kan èèyàn tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ rìn ní London láti kọ ogun náà, tí ọ̀pọ̀ nínú wọn kì í ṣe mùsùlùmí. Alhaji ní òun rántí ọjọ́ náà, torí ọ̀nà mìíràn ni wọ́n yí bọ́ọ̀sì òun gbà.

Ìgbìmọ̀ ti fáìlì náà ní oṣù kejìlá ọdún 2016. Lẹ́yìn oṣù mẹ́fà, wọ́n máa ń tún un wò. Oṣù mẹ́fà yẹn bọ́ sí àkókò burúkú: àwọn apániláyà kọlu Manchester ní ọjọ́ 22 oṣù karùn-ún ọdún 2017, wọ́n kọlu London Bridge ní ọjọ́ 3 oṣù kẹfà. Ní kété lẹ́yìn ọ̀gànjọ́ òru ọjọ́ 19 oṣù kẹfà, nínú ààwẹ̀, Darren Osborne wa fáànù wọ àárín àwọn tó ń bọ̀ láti ibi ìrun àṣàmù ní Finsbury Park. Makram Ali kú. Ìmáàmù Mohammed Mahmoud dúró ti Osborne kí àwọn èèyàn má baà lù ú pa títí ọlọ́pàá fi dé. Ní ilé ẹjọ́ lọ́dún tó tẹ̀ lé e, Osborne fẹnu ara rẹ̀ sọ pé ì bá wu òun láti pa Sadiq Khan náà, Khan kan náà tí ọmọ wa ti lé kúrò nínú ẹ̀sìn. Ọmọ náà pè mí kí asùbáà tó pé. Mo ti múra sílẹ̀ fún ìbínú. Ohun tó ń bi mí ni bóyá mo mọ ìmáàmù yẹn.

Nígbà tí ìgbìmọ̀ jókòó ní ìparí oṣù náà, ọ̀kan nínú wọn ní òun ní ìbẹ̀rù kan. Ọmọ náà ti pé méjìdínlógún, ìdìbò wáyé ní ọjọ́ 8 oṣù kẹfà, kò sì lọ. Ṣé kì í ṣe pé ìgbàgbọ́ àtijọ́ ṣì wà níbẹ̀? Mo ní ẹ jẹ́ ká bi í. Mo pè é níwájú wọn. Ó ní ìdánwò ìṣirò ni òun ṣe lọ́jọ́ náà. Nígbà tí òun délé, òun sùn, Big Daddy sì ti ń bá òun jà lórí rẹ̀ láti ìgbà yẹn. Akọ̀wé bi mí pé abẹ́ àkọlé wo ni kí òun kọ ìyẹn sí nínú fọ́ọ̀mù.